Páìpù Tó Fẹ́ Ìyàwó fún Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀

Àwọn ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé ẹwà ló fẹ́ ìyàwó fún wọn, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ ẹnu dídùn. Ti púlọ́ḿbà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ yàtọ̀. Páìpù ló fẹ́ ìyàwó fún un, páìpù ọ̀hún kò sì dára. Òun nìkan ló mọ̀ pé kò dára, tàbí kí n kúkú sọ pé ó rò pé òun nìkan ló mọ̀, ọdún mọ́kànlélógún ló sì fi gbé e sínú láìsọ fún ẹnì kankan.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà tí wọ́n pè é síbi ilé kan tí wọ́n ń parí lọ́wọ́, pé kó wá tẹ páìpù tí yóò máa gbé omi síǹkì láti ilé ìdáná lọ sí kòtò ìta. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ dá ṣe nìyẹn lẹ́yìn tó kúrò lábẹ́ ọ̀gá. Páìpù náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án, abẹ́ ilẹ̀ ló sì gbà kọjá. Omi ìdọ̀tí kò ní agbára kankan tayọ pé kó sàn lọ síbi tó bá rẹlẹ̀. Nítorí náà orí páìpù tó wà lábẹ́ síǹkì ló gbọ́dọ̀ ga díẹ̀, kí ìdí rẹ̀ tó wà níta sì rẹlẹ̀. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ mọ èyí dunjú. Àmọ́ nígbà tó fi gọ́ọ̀mù lẹ páìpù pọ̀ tán, ó wá àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kan, ó fi gbé ìdí rẹ̀ sókè kí gọ́ọ̀mù lè gbẹ dáadáa. Tó bá yá, yóò yọ búlọ́ọ̀kù náà. Kò yọ ọ́. Bàbá onílé ń pariwo pé onítáìlì ti ń dúró, onítáìlì ń pariwo pé sìmẹ́ńtì òun ti ń le, wọ́n sì da kọnkéré bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ìgbà tó ń fọ ọwọ́ nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àyà rẹ̀ já. Búlọ́ọ̀kù! Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tó fi sáré débẹ̀ pé kóun jẹ́wọ́. Ó bá táìlì nílẹ̀ tó ń dán yinrin. Ó bá Bàbá onílé níbi tó ti kó àwọn aládùúgbò jọ, tó ń fi iṣẹ́ hàn wọ́n, tó ń wí pé ọmọ kékeré yìí mọ iṣẹ́ ju àwọn tó fi irùngbọ̀n dẹ́rù bani lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, ta ni yóò la ẹnu níbẹ̀ pé iṣẹ́ òun kò dára? Ó fi ọwọ́ ra orí, ó rẹ́rìn-ín, ó gba ilé lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, síǹkì dí. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ọmọbìnrin ilé náà, tó ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà nígbà náà, ló bá a gbé garawa dání nígbà tó ń fi wáyà gígùn tú páìpù. Omi lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún dí, ó tún wá. Nígbà tó fi máa di ìgbà kẹfà, ọmọbìnrin náà ti mọ iye ṣúgà tó ń mu nínú tíì. Nígbà tó di ìgbà kẹwàá, Bàbá onílé bi í pé ṣé síǹkì ló ń wá wò àbí nǹkan mìíràn. Bàbá ní ọkùnrin tí a pè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tó jẹ́ ìpè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ní í já ọmọ òun jù sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe fẹ́ra wọn nìyẹn. Wọ́n fún wọn ní yàrá méjì lẹ́yìn ilé pé kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ díẹ̀ ná, títí wọ́n á fi rí ibi tó wù wọ́n.

Ibi tí wọ́n ní kó jókòó sí díẹ̀ náà ló ti hu ewú. Bàbá onílé ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti lọ sí yunifásítì, páìpù ṣì ń dí. Màmá, ìyá ìyàwó rẹ̀, kò gbà kí púlọ́ḿbà mìíràn sún mọ́ ọn. Ìyá náà ló fún un ní orúkọ tí àdúgbò gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Bí omi bá ti dúró sínú síǹkì, á na ohùn sókè láti ilé ìdáná pé, "Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ o!" Bí omi bá sì ti lọ, á pàtẹ́wọ́: "Mo ṣáà ti sọ ọ́! Bó bá ti fọwọ́ kàn án, ẹ̀rọ̀ dé."

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbé ìyàwó rẹ̀ ga lẹ́nu iṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n yàn án sí jìnnà. Màmá gbọ́, ó gbé ọwọ́ lé àyà.

"Ẹ máa lọ o, ọmọ mi. Ta ló wá máa bá mi ṣí páìpù? Àbí kí omi ìdọ̀tí máa kún mi lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ ogbó ni?"

Ìyàwó wo ọkọ. Ọkọ wo ilẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ ká ṣe sùúrù díẹ̀, Tíṣà." Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni obìnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà pé òun kò lè lọ nítorí ìyá òun. Àwọn tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ṣọ́ọ̀kì mú ti di ọ̀gá àgbà, àwọn ló wá ń fọwọ́ sí ìwé ìsinmi fún un.

Ṣé kò lè tún páìpù náà ṣe ni? Ó lè tún un ṣe, iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni. Àmọ́ ẹni tó máa tún un ṣe gbọ́dọ̀ fọ́ táìlì, ẹni tó bá fọ́ táìlì á rí búlọ́ọ̀kù, ẹni tó bá sì rí búlọ́ọ̀kù á béèrè ọ̀rọ̀. Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ sọ fún ẹ̀dá alààyè. Ẹ̀rù ń bà á. Ilé àna ló ń gbé, kò ní ilé, kò ní ilẹ̀, páìpù tó ń dí yẹn ló ń jẹ́ kó gbé orí sókè nínú ilé náà. Lọ́jọ́ tí páìpù bá yá, kí ni wọ́n á tún máa pè é fún? Síbẹ̀ ó sú u. Ó sú u débi pé nígbà mìíràn, tó bá ti gbọ́ "Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ o!", á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, bóyá ẹlòmíràn á jẹ́ ẹ. Ta ló fẹ́ jẹ́ ẹ?

Ní ìgbà kẹrin, ìyàwó rẹ̀ kò bi ẹnì kankan léèrè. Wọ́n fi í ṣe ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ kan tó jìnnà, ilé sì wà pẹ̀lú ipò náà. Ó ti fọwọ́ sí ìwé kó tó délé.

"Ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́rin, ọkọ̀ á wá kó ẹrù," ó ní. "Èmi máa wọ ọkọ̀ yẹn. Tí ẹ bá ń bá mi lọ, ẹ di ẹrù yín."

Ó di ẹrù rẹ̀. Àpótí kan ni. Ẹ ò rí bí inú ọkùnrin yìí ti dùn tó! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń súfèé kiri ẹ̀yìn ilé. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ó sì fẹ́ lọ síbi tí kò sí páìpù kankan tó mọ̀ ọ́n rí.

Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé ni wọ́n já síǹkì tuntun sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Màmá ló rà á. Abọ́ méjì ló ní, àwọn abọ́ náà sì jìn débi pé a lè wẹ ọmọ ọwọ́ nínú wọn.

"Ẹ máa lọ, n ò ní kí ẹ má lọ," Màmá wí. "Ṣùgbọ́n bá mi so èyí mọ́ páìpù àtijọ́ kí ẹ tó lọ, ọkọ mi. Ṣebí iṣẹ́ wákàtí kan ni?"

"Iṣẹ́ wákàtí kan ni, Màmá," ó dá a lóhùn.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé ló tú síǹkì àtijọ́ kúrò. Ó gbé tuntun sípò, ó wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó sì so páìpù kékeré tó tẹ̀ kọdọrọ mọ́ ìdí síǹkì, èyí tí omi díẹ̀ máa ń dúró sí kí òórùn kòtò má baà wọlé. Lẹ́yìn náà ló wá wo ẹnu páìpù àtijọ́ tó yọ lára ògiri. Ó fi ìka wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n. Síǹkì tuntun ti jìn jù. Ibi tí omi rẹ̀ yóò ti jáde fi ìka mẹ́ta rẹlẹ̀ sí ẹnu páìpù ògiri. Bó bá so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ó ń bẹ omi kó gòkè nìyẹn. Kò ṣeé gbé síǹkì sókè, kọnkéré ni pẹpẹ tó jókòó lé, Màmá alára kò sì ga. Wọ́n gbọ́dọ̀ la ògiri, kí ẹnu páìpù wá sílẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá sì wá sílẹ̀ nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì wà lórí búlọ́ọ̀kù, omi kò tiẹ̀ ní í lọ rárá. Gbogbo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án náà ló máa di lílà.

Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Pákó kọ́bọ́ọ̀dù tẹ̀ ẹ́ ní àyà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta, eékún ń dùn ún, kò lè yí sọ́tùn-ún, kò lè yí sósì. Ohùn Màmá dún lókè orí rẹ̀.

"Ṣé ó ti wọlé?"

"Ó ku díẹ̀, Màmá."

"Ó ku díẹ̀" ni gbogbo púlọ́ḿbà fi ń tọrọ ẹ̀mí gígùn. Ọkàn kan sọ fún un pé kó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Abọ́ náà jìn, omi á pẹ́ kó tó kún, ọkọ̀ á ti dé, wọ́n á ti lọ. Ó mú ike gọ́ọ̀mù lọ́wọ́, ó tiẹ̀ ti ṣí ìdérí rẹ̀. Ó wá rí ẹsẹ̀ Màmá láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ arúgbó tó wú díẹ̀ nínú sálúbàtà, ó sì rò ó wò bí omi ìdọ̀tí yóò ṣe yí ẹsẹ̀ yẹn ká lọ́jọ́ tí kò ní í sí ẹni tí yóò pè. Kò lè ṣe é. Ó dé ike gọ́ọ̀mù padà, ó fa ara rẹ̀ jáde, ó lọ mú òòlù.

Ó ti la ògiri, ó sì ti fọ́ táìlì mẹ́rin nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé. Ó rò pé á pariwo. Obìnrin náà wo aago, ó ká ọwọ́ aṣọ, ó mú irin ìgbẹ́lẹ̀ kejì.

"Ẹni méjì ló yá ju ẹnì kan lọ," ó ní. "Aago mẹ́rin ò ní í dúró dè wá."

Wọ́n jọ ń ṣe é. Màmá jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò wọ́n. Eruku bo irun ìyàwó, ó dà bí arúgbó, ọkọ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìyàwó sọ ègé sìmẹ́ńtì lù ú. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí wọ́n ti jọ rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Bí ọkọ ti ń rẹ́rìn-ín náà ló ń ka táìlì, torí èyí tó kù kò ju méjì lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ló mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì, igi pẹlẹbẹ tó ní gíláàsì omi láàárín, tí èéhó kékeré inú omi rẹ̀ máa ń sá lọ síhà ibi tó bá ga. Ó gbé e lé páìpù láti fi ràn án lọ́wọ́. Èéhó náà sá lọ síhà ìta. Tíṣà ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ni obìnrin yìí o, ẹ má gbàgbé. Ó yí lẹ́fẹ́ẹ̀lì padà. Èéhó tún sá síhà ìta.

"Ìta ló ga," ó ní. "Ibí ló rẹlẹ̀. Báwo ni omi ṣe fẹ́ jáde?"

Ọkọ rẹ̀ ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ. Ìyàwó rákò tẹ̀ lé páìpù dé ìdí rẹ̀, ó fi ọwọ́ kó ègé kọnkéré kúrò, ó sì fa àfọ́kù búlọ́ọ̀kù yọ.

"Ta ló fi èyí síbí?"

Ó gbé e sí iwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi, mo ní ta ló fi èyí síbí?"

"Èmi ni. Mo fi gbé e sókè kí gọ́ọ̀mù lè gbẹ. Mo gbàgbé rẹ̀."

"Gbogbo èèyàn ló ń gbàgbé." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ìgbà wo lẹ rántí?"

Ọ̀rọ̀ tó ń bẹ̀rù fún ọdún mọ́kànlélógún dé. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tirẹ̀ tiẹ̀ ti fi ọdún kan lé.

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà," ó ní.

Màmá ló kó sí i. Ó fẹ́ gba àna rẹ̀ sílẹ̀ ni, ìfẹ́ ló fi sọ ọ́.

"Má fi búlọ́ọ̀kù yọ ọkọ ẹ lẹ́nu, jàre. Ó ti di ọdún méjìdínlógún tí èmi ti mọ̀ pé páìpù yẹn kò dára, ṣé mo bá a jà ni?"

Àwọn méjèèjì gbé orí sókè, wọ́n wo arúgbó náà. Màmá rí i pé òun ti sọ ju ohun tó yẹ, ó sì ti bọ́ lẹ́nu.

"Ẹ ti mọ̀?" ọmọ rẹ̀ bi í.

"Ìgbà tí ọkọ ẹ dùbúlẹ̀ àìsàn. Púlọ́ḿbà mìíràn tí mo pè ló wo síǹkì, tó ní wọ́n tẹ páìpù sódì. Ó ní kóun tún un ṣe. Mo ní kó máa lọ."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní kó máa lọ, Màmá?"

Màmá ń fi ọwọ́ ra etí aṣọ rẹ̀. "Tó bá ti yá, kí ló tún máa mú yín jókòó tì mí?"

Ojú ti Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ títí ó fi dé etí. Gbogbo àtẹ́wọ́ yẹn! Ọdún méjìdínlógún ló fi ń wọ abẹ́ síǹkì, tó ń jáde bí akọni, tí ìyá yìí sì ń yìn ín, tó mọ̀. Inú bí i. Inú náà kò rí ibi tó máa gbà jáde, torí kí ló fẹ́ wí? Ẹni tó ti kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn kò lè bínú sí ẹni tó fi àgádágodo sí i.

Ìyàwó rẹ̀ kò sunkún, kò pariwo. Ó gbé búlọ́ọ̀kù náà síta.

"Ẹ mú gọ́ọ̀mù wá," ó ní. "N kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín."

Wọ́n gé páìpù, wọ́n sọ ẹnu rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n gbẹ́ ìdí rẹ̀ jìn sí i. Obìnrin náà di oríkèé kọ̀ọ̀kan mú, ó ń ka oókan dé ọgọ́ta bí ẹni tó wà níwájú àwọn ọmọ kíláàsì, kó tó fi sílẹ̀. Ó gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé e, èéhó sá wá síhà síǹkì, níbi tó yẹ kó wà. Wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ìyàwó lọ sí ẹ̀rọ omi ìta, ó fọ apá, ó fọ ojú, ó fọ eruku orí rẹ̀, ó lọ pààrọ̀ aṣọ.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọkọ̀ dé. Wọ́n kó ẹrù sí i. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ sáré wọ ẹ̀wù tó mọ́, bọ́tìnnì rẹ̀ wọ́ síra wọn, ó sáré jáde. Ó bá àpótí tirẹ̀ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.

"Tíṣà," ó ní, "àpótí mi…"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀." Ó ti jókòó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. "Lẹ́tà mẹ́ta ni mo kọ. Ẹ jókòó tì mí nígbà tí mò ń kọ wọ́n. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀yin lẹ bá mi wá bírò."

"Mo bẹ̀ ọ́. Ìtìjú ni. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́."

"Mo mọ̀. Mo gbọ́ ọ." Kò wò ó. "Ẹ̀yin àti Màmá ti jọ bá ara yín pa á mọ́ fún ọdún méjìdínlógún, láìsọ fún ara yín gan-an. Èmi ni mi ò sí níbẹ̀. Ẹ jọ máa gbé."

Ọkọ̀ gbéra. Ó sáré tẹ̀ lé e títí dé ìkóríta, ó dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí kò rí i mọ́, ó padà wá gbé àpótí rẹ̀ wọlé, torí kò sí ibòmíràn tó lè gbé e lọ.

Màmá ṣì wà ní ilé ìdáná.

"Ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, Màmá."

"Kò dágbére fún mi."

Ó gbé àpótí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Gọ́ọ̀mù ti gbẹ. Màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ẹ̀rọ, omi kún abọ́ méjèèjì dé ẹnu, ó fa ìdérí ihò yọ. Omi náà lọ wẹ́rẹ́, wọ́n gbọ́ ọ tó ń dà sínú kòtò ìta. Màmá tún ṣí ẹ̀rọ, ó tún bu omi kún un, ó tún fà á yọ, ó sì tẹ̀ síwájú, ó ń wo inú ihò. Ọkùnrin náà rí i pé ńṣe ni ìyá yìí ń retí kí omi dúró. Òun náà tẹ̀ síwájú, ó ń retí rẹ̀. Omi kò dúró.